Ẹ Bi Wá Léèrè: Ọṣẹ Tó Ń Wẹni àti Ọṣẹ Tó Ń Bóni

Nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọṣẹ ló pọ̀ jù. A yan díẹ̀ nínú wọn. Ìdáhùn kan gùn ju òmíràn lọ, nítorí pé ewu kan ju òmíràn lọ.

Ọṣẹ dúdú ń ta mí lójú

*Ọṣẹ dúdú tí mo rà lọ́jà, wọ́n ní ojúlówó ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi í bọ́jú ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti ń ta mí, awọ ibẹ̀ sì ti ń ṣí. Ẹni tó tà á fún mi ní ìdọ̀tí inú ara ló ń jáde. Ṣé òótọ́ ni?* — Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Ògbómọ̀ṣọ́

Kì í ṣe òótọ́. Awọ ojú yín ló ń jó. Ẹ gbé ọṣẹ náà tì láti òní lọ, kí ẹ máa fi omi lásán bọ́jú fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì máa fi òrí ra ojú láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ibẹ̀ bá léròrò tàbí tó ń ṣomi, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú kò ju méjì lọ: omi eérú àti epo. Wọ́n á sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà di eérú, wọ́n á da omi gba inú eérú náà kọjá, wọ́n á wá fi omi tó bá ro jáde se àdín títí yóò fi dì. Omi eérú yìí le gan-an. Òun ló ń sọ àdín di ọṣẹ, bó sì ṣe ń ṣe é ni agbára tirẹ̀ náà ń tán. Tí omi eérú bá ṣe déédéé pẹ̀lú àdín, kò ní ṣẹ́ kù. Tó bá pọ̀ jù, èyí tó ṣẹ́ kù kò rí epo tí yóò bá ṣiṣẹ́ mọ́, tó bá sì ti kan ojú yín, ọ̀rá inú awọ ara yín ni yóò kọjú sí. Ojú àti ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sè é fi ń wọn nǹkan, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ìdí nìyí tí èyí tí ẹ rà lóṣù tó kọjá fi lè tura, kí ti oṣù yìí sì máa ta yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan náà lẹ ti rà á.

Èyí tí wọ́n sè dáadáa pàápàá kò yẹ kó pẹ́ lára. Lórí òṣùwọ̀n pH, tí nọ́ńbà kékeré jẹ́ ti ásíìdì, tí nọ́ńbà ńlá sì jẹ́ ti ohun tó le bí omi eérú, omi lásán wà ní 7, awọ ara wa sì wà ní nǹkan bí 5. Ọṣẹ tí a fi epo sè wà láàárín 9 sí 10. Awọ ara lè fara da ìyẹn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò lè fara dà á mọ́jú. Àwọn tó ń fi ọṣẹ dúdú ra ojú sùn bí ìpara ń ba awọ ara wọn jẹ́ ni.

Bí ojú yín bá ti san tí ẹ sì fẹ́ gbìyànjú òmíràn, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní inú apá, lápá ibi tí igbọnwọ́ ti ń ká. Ẹ bu èyí tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, ẹ fi omi pò ó lára ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣàn án dànù, ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bí kò bá yún yín, tí ibẹ̀ kò sì pọ́n, ẹ lè fi bọ́jú. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ ti pò ó títí yóò fi hó. Ìhó rẹ̀ nìkan ni kí ó kan ojú. Ẹ má fi odidi ọṣẹ náà ha ojú, nítorí pé ẹ̀rún eérú máa ń wà nínú rẹ̀ tó ń họ awọ ara. Ẹ má fi kàn-ìn-kàn-ìn bọ́jú. Kó tó ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ ti ṣàn án kúrò, kí ẹ sì fi òrí sí i nígbà tí ojú ṣì tutù.

Ọ̀rọ̀ méjì kù tó jẹ wá lógún. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọṣẹ dúdú. Bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá wà lára tí oòrùn pa á, ó lè jó awọ ara, ó sì lè fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọṣẹ tó ṣèlérí pé òun yóò mú ara yín mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mẹ́kúrì, èròjà olóró kan, ló wà nínú àwọn kan, ó ń gba awọ ara wọlé, kíndìnrín ló sì ń bà jẹ́. NAFDAC kò fàyè gbà á nínú ọṣẹ ara, Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ fọwọ́ sí, sì ti ní kí wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe irú rẹ̀ láti ọdún 2020, síbẹ̀ ó ṣì ń dé ọjà. Tí ẹ bá rí “mercury”, “mercuric iodide” tàbí “calomel” lára páálí ọṣẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ má ra èyí tí wọn kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára.

Hypo àti ásíìdì nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan

*Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ti dọ̀tí púpọ̀. Mo da omi ásíìdì tí a fi ń fọ̀ ọ́ sí i, mo sì da Hypo lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó lè mọ́ kíákíá. Òórùn kan tú jáde, ojú ta mí, mo sì wúkọ́ títí di alẹ́. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?* — Baálé ilé, Agége

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó ni méjèèjì. Àdàpọ̀ wọn ló burú. Ohun tó wà nínú Hypo, Jik àti gbogbo omi bílíìṣì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sodium hypochlorite. Bí ásíìdì bá ti bá a pàdé, gáàsì chlorine ló ń yọ jáde. Òun ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres, nílẹ̀ Belgium, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní lọ́dún 1915 láti fi pa àwọn tí wọ́n ń bá jà. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀gbà sí, níbi tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tó ń fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń mí. Ọlọ́run yọ yín.

Kì í ṣe ásíìdì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan. Fínígà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ nínú àwo ní ammonia nínú, bílíìṣì sì ń sọ ìyẹn di gáàsì mìíràn, chloramine, tí òun náà ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Ìdí nìyí tí ojú fi máa ń ta ènìyàn ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò, bí wọ́n bá da bílíìṣì lé ìtọ̀ tí wọn kò ṣàn. Omi tútù nìkan ni ẹ lè pò mọ́ bílíìṣì. Ẹ má pò ó mọ́ Izal, ẹ má pò ó mọ́ ohun tí a fi ń nu gíláàsì, ẹ má sì fi omi gbígbóná pò ó.

Bó ṣe yẹ kí ẹ ṣe é nìyí. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ kọ́kọ́ da omi ṣàn án. Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún ṣàn án. Ìgbà yìí ni bílíìṣì kàn, nítorí pé ìdọ̀tí ló ń jẹ agbára rẹ̀ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò àrùn. Ẹni tó da ìgò kan sórí ìdọ̀tí fi owó ṣòfò ni. Ẹ wo ara ìgò. Bí wọ́n bá kọ 3.5% sí i, ṣíbí ìjẹun méjì, ìyẹn 30 ml, ló tó fún lítà omi kan. Bó bá jẹ́ 5% ni, 20 ml ti tó. Ẹ fi tọ́ gbogbo ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó ṣàn án kúrò. Èyí tí ẹ bá pò lónìí, ẹ lò ó tán lónìí, agbára rẹ̀ ń lọ kíákíá. Bí ẹ bá nílò ásíìdì láti fi yọ àbàwọ́n pupa tó ti gan, ẹ yàn án ní ọjọ́ mìíràn.

Tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ pa èémí mọ́, kí ẹ jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró nu ilẹ̀. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ojú. Ẹni tó ní ikọ́ fée, tàbí tí mímí rẹ̀ kò já geere, kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà. Ẹ má mu epo pupa, ẹ má mu mílíìkì sí i: ẹ̀dọ̀fóró ni gáàsì wọ̀, kì í ṣe ikùn.

Àwo omi kan fún tábìlì kan

*Níbi àríyá, àwo omi kan ni wọ́n ń gbé yí tábìlì po, tí gbogbo wa ń ti ọwọ́ bọ̀. Tí wọ́n bá da ọṣẹ apakòkòrò sínú rẹ̀ ńkọ́?* — Ìyá àgbà, Ọ̀yọ́

Mà, kò tó. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá fọ̀ sínú àwo ni ẹni kẹwàá ń fi ọwọ́ gbé sí oúnjẹ. Ìdọ̀tí ọwọ́ àti kòkòrò àrùn lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó wà lára awọ. Orí kan ọṣẹ ń di ọ̀rá mú, orí kejì ń di omi mú; bí ẹ bá ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ọ̀rá á ṣí kúrò lára awọ, omi tó ń ṣàn á sì gbé e lọ. Tí omi kò bá ṣàn, kò sí ibi tó gbé e lọ. Àwọn kòkòrò kan wà tí ara wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, irú èyí tó fa kòrónà, ọṣẹ ń tú àwọn yẹn ká. Àwọn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ní tiwọn, wọn kì í sábà kú. Ṣíṣàn dànù ni ti wọn.

Nítorí náà, kí ẹnì kan gbé bútà, kí ẹlòmíràn gbé àwo sí abẹ́ ọwọ́, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe fún àlejò pàtàkì. Ẹ fi omi tọ́ ọwọ́, ẹ fi ọṣẹ sí i, ẹ ra àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò àti abẹ́ èékánná fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ tó bu omi lé e. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ife omi kan lè tó ẹnì kan bí ẹ kò bá jẹ́ kí ó máa ṣàn nígbà tí ẹ ń ra ọwọ́. Bí kò bá sí ọṣẹ rárá, eérú igi tó mọ́ sàn ju omi lásán lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣàn án dáadáa.

Ní ti ọṣẹ apakòkòrò, iléeṣẹ́ FDA tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fòfin de triclosan, èròjà apakòkòrò kan, àti èròjà 18 mìíràn nínú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2016, nítorí pé àwọn tó ń ṣe é kò lè fi hàn pé ó ju ọṣẹ lásán lọ fún ìlò ilé. Ẹ ra ọṣẹ tí apá yín ká. Kí ẹ sì gbé e sórí ohun tó ní ihò nísàlẹ̀, kí omi máa ro kúrò lára rẹ̀.

Ọṣẹ fún ojú ara obìnrin

*Wọ́n kọ́ mi láti kékeré pé kí n máa fi ọṣẹ fọ inú ojú ara mi lẹ́yìn nǹkan oṣù. Mo ń ṣe é, òórùn náà sì ń pọ̀ sí i.* — Ìyàwó ilé, Iléṣà

Ọṣẹ náà ló ń fà á. Àwọn kòkòrò rere wà nínú ojú ara obìnrin tí ń ṣe ásíìdì díẹ̀. pH ibẹ̀ máa ń wà láàárín 3.8 sí 4.5, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò búburú ráyè. Ọṣẹ ń lé àwọn rere lọ, ó ń gbé pH sókè, àwọn tó ń rùn bí ẹja á wá gba ilé. Obìnrin á rò pé òun kò fọ̀ ọ́ tó, á tún fọ̀ ọ́, á tún burú sí i. Inú ibẹ̀ ń fọ ara rẹ̀. Omi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó ń jáde láìrùn tí kò sì yúnni kì í ṣe àrùn. Ìta nìkan ni kí ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Kò sí ohun tí álọ́ọ̀mù, omi iyọ̀, Dettol tàbí ọṣẹ olóòórùn dídùn ń ṣe nínú ibẹ̀ àfi ìpalára. Ní ti òórùn tó ti wà nílẹ̀, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Oògùn ọjọ́ díẹ̀ ló sábà máa ń gbà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀fọ́ àti ọṣẹ ìfọṣọ

*Ṣé mo lè fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ ẹ̀fọ́ nítorí oògùn tí àgbẹ̀ fín sí i?* — Olóúnjẹ, Abẹ́òkúta

Ẹ má ṣe é. Ewé ń fa ọṣẹ mu, omi kì í sì í yọ ọ́ tán. Ìgbẹ́ gbuuru àti inú rírun ló ń dá sílẹ̀ fún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ẹ ṣa ewé tó ti jẹrà kúrò, ẹ rì í sínú abọ́ omi ńlá, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ yí omi padà títí yanrìn kò fi ní sí nísàlẹ̀ abọ́ mọ́, kí ẹ tó gé e. Ẹ fi omi tó ń ṣàn parí rẹ̀.

Mo fẹ́ máa ṣe ọṣẹ olómi tà

*Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ olómi, inú ilé ni mo sì fẹ́ ti máa ṣe é. Ọmọ mi kékeré ti ń rìn. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?* — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Òṣogbo

Kọ́sítíìkì sódà. Òun ni kí ẹ bẹ̀rù jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ óò rà. Bí omi eérú ṣe ń sọ àdín di ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ́sítíìkì ń sọ ọ̀rá inú ẹran ara di ọṣẹ, ó sì ń wọlé lọ síwájú sí i. Ọmọ tó bá gbé ẹnu kan mì, ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ á jó, ọgbẹ́ náà á san pẹ̀lú àpá tó ń fún ọ̀nà pa títí omi pàápàá kò fi ní kọjá. Iṣẹ́ abẹ lè wá di dandan. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa ń rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, inú ìgò ohun mímu tí wọ́n bu kọ́sítíìkì sí ni púpọ̀ nínú wọn ti mu ún.

Nítorí náà, ẹ má bu ú sínú ìgò omi tàbí ìgò mínírà láéláé, ìbáà ṣe fún wákàtí kan. Inú ike tó nípọn tó ní ìdérí líle ni kí ó wà, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ìgbà tí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni kí ẹ ṣiṣẹ́. Kọ́sítíìkì ni kí ẹ máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì, nítorí pé ó ń gbóná lójijì, ó sì lè ta sí yín lójú. Ìta gbangba, ike líle, ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, gíláàsì ojú, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn ohun gbogbo. Ẹni tó ń fojú wọ̀n ọ́n lè ta ọṣẹ tó ń bó oníbàárà lọ́wọ́.

Bí ìyẹ̀fun rẹ̀ bá dà sára, ẹ kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n kúrò ní gbígbẹ, kí ẹ tó da omi púpọ̀ sí i fún ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú. Bó bá wọ ojú, omi tó ń ṣàn fún ìdajì wákàtí, kí ẹ la ìpéǹpéjú sílẹ̀, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn tààrà. Ẹ má fi fínígà sí i. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kó tu ú dànù, kí ẹ sì gbé e lọ. Ẹ má jẹ́ kó bì, nítorí pé ohun tó jó o nígbà tó ń lọ yóò tún jó o nígbà tó ń bọ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa.

Ajá bu ọmọ wa jẹ

*Ajá àdúgbò bu ọmọ wa jẹ lẹ́sẹ̀. Ọgbẹ́ náà kò jìn. Ṣé Dettol tó?* — Bàbá kan, Ìwó

Bí ẹ bá ń ka èyí tí ẹ kò tíì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ gbé e lọ lónìí. Àrùn dìgbòlugi kò ní ìwòsàn bó bá ti fara hàn, ṣùgbọ́n ó ṣeé dènà. Ohun àkọ́kọ́ ni ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, fún odidi ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago, nítorí pé ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kòkòrò àrùn náà wà lára àwọn tí ọ̀rá bò, ọṣẹ ń tú u ká kó tó wọ iṣan. Ọṣẹ èyíkéyìí tó wà nílé ni kí ẹ lò. Ata, epo, àgbo, ẹ̀tù: ẹ má fi ọ̀kankan sí i, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rán an kí dókítà tó rí i. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó máa ń ju ẹyọ kan lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀; kí ọmọ gbà á tán, kódà bí ọgbẹ́ bá ti jinná. Ìhó ọṣẹ kò rọ́pò abẹ́rẹ́.

Ìkòkò alumíníọ̀mù mi dúdú nínú

*Mo fi kọ́sítíìkì rẹ ìkòkò kó lè mọ́, ó ń hó yaya, inú rẹ̀ sì dúdú.* — Alásè, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìkòkò náà ló ń jẹ. Kọ́sítíìkì ń yọ́ alumíníọ̀mù, hó yaya tí ẹ rí yẹn sì ni gáàsì hydrogen, tí iná lè mú. Eérú àti ọṣẹ dúdú náà ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ da omi náà nù jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ẹ ṣàn ìkòkò náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wá gé ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin sínú omi tó bo ibi tó dúdú, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 15, ẹ dà á nù. Dúdú náà á lọ. Bí inú ìkòkò bá ti lu kòtò kéékèèké, ẹ má fi se ọbẹ̀ tòmátò mọ́.